Bí Ìjàpá Ṣe Di Alága Ọpọ́n Ayò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ẹni tí kò mọ ayò ta tó sì di alága àwọn tó mọ̀ ọ́n ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ yín ní ègbè orin rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ó gbè é. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ dáhùn pé: "Wóró-wóró, ọmọ ayò!" Ẹni tí kò bá gbè é kò ní fẹnu kan ẹmu inú àlọ́ yìí.

Ní igbó Olókemejì, níbi tí odò Ògùn ti ń gba àárín àpáta kọjá kó tó máa lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ẹranko kan wà níbẹ̀. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti sọ igbó náà di ti ìjọba, tí ẹnikẹ́ni kò lè gégi níbẹ̀ láìgbàwé. Nítorí náà, ojú àwọn ẹranko ibẹ̀ ti là sí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti òǹtẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí òun ló jẹ́ kó rọrùn láti tàn wọ́n jẹ.

Ilé ẹmu Ìyá Òkété wà lábẹ́ igi àràbà kan. Bẹ́ńṣì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tábìlì kan tí wọ́n fi òkúta há ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kó má baà mì, àti ìkòkò ọbẹ̀ olú tí kì í kúrò lórí iná. Ọbẹ̀ olú ni o. Ẹ má bi mí léèrè ẹran. Ta ni kí wọ́n sè nínú ara wọn? Ìjímèrè ló ń dá ẹmu fún un. Kò lo igbà, ìrù rẹ̀ ni igbà. Láàárọ̀, ẹmu ọ̀pẹ náà á dùn, ọmọdé á lè mu ún. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti le, ó ń hó lẹ́nu akèrègbè. Àgbà ló kù tó lè bá a wọ̀yá ìjà. Ìrọ̀lẹ́ náà gan-an sì ni àwọn àgbà ń dé.

Ohun tó ń kó wọn jọ ju ẹmu lọ ni ọpọ́n ayò. Ẹyẹ Akókó ló fi ẹnu gbẹ́ ọpọ́n náà lára ìrókò kan tí atẹ́gùn wó. Ojú 12 ló ní, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò 48 ló ń gbé inú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bàbá Òòrẹ̀ ló lọ ká wọn nínú igbó, torí ẹlẹ́gùn-ún ni igi tó ń so ọmọ ayò, ẹlẹ́gùn-ún kì í sì í bẹ̀rù ẹlẹ́gùn-ún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé fóònù lẹ ń tẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín díẹ̀. Ẹ ó kó gbogbo ọmọ tó wà ní ojú kan lọ́dọ̀ yín, ẹ ó máa fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn ojú tó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, títí tí ẹ ó fi wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yín. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojú kan lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́. Bí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ìyẹn pẹ̀lú. Ó parí. Ọmọdé lè kọ́ ọ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ibi tí ìyọnu wà ni pé ẹni tó jókòó níwájú yín náà ti kọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá dé bá wọn lẹ́nu ayò, á kí wọn pé: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!" Wọ́n á dáhùn pé: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Irọ́ ni, torí ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta, ló ń fọhùn jù níbẹ̀. Bàbá Òòrẹ̀ àti Ọ̀yà ni ọ̀ta méjì, àwọn ọ̀gá ayò, tí ìlú mọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti dojú kọ ara wọn, tí ọwọ́ Bàbá Òòrẹ̀ wá pẹ́ lórí ọpọ́n, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ti máa pariwo láti orí ẹ̀ka: "Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni? Ẹ jẹ́ n bá yín wá aṣọ ìbora!" Ẹfọ̀n á máa mí hẹ̀ẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá jẹ ojú kan, bí ẹni pé òun ni wọ́n jẹ. Àgbọ̀nrín á máa júwe ibi tó yẹ kí Ọ̀yà ta, Ọ̀yà á sì dáhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ní kí n ta lánàá ni mo ta tí wọ́n fi pa mí." Ẹ̀rín á sọ. Ẹni tí wọ́n bá pa láyò á dìde fún ẹlòmíràn, á sì ra ahá ẹmu kan fún ẹni tó pa á. Òfin ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Kò sí alága, kò sí akọ̀wé, kò sí káàdì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Ìyá Òkété á da ọmọ ayò sínú àpò, kálukú á wá ihò rẹ̀ lọ.

Ìjàpá náà máa ń wá. Àwìn ló ń mu. Fún ahá kọ̀ọ̀kan, Ìyá Òkété á fi ẹfun fa ilà kan sára igi àràbà, ilà ọ̀hún sì ti ń wá bó ṣe máa yí igi ká. Ní ti ayò, Ìjàpá kò mọ̀ ọ́n ta rárá. Kì í ṣe pé kò lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá máa kọ́ ayò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n pa òun títí, kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, kí òun sì ra ẹmu lé e. Ìjàpá kò lówó ẹmu, kò sì lè fara da ẹ̀sín. Ó wá jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà tí ẹnì kan fi lè ga ju ọ̀ta lọ láìta ayò.

Ọ̀nà yọ lọ́jọ́ tí ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀. Ẹfọ̀n ní Ọ̀yà fi ọmọ méjì sí ojú kan níbi tó yẹ kó fi ẹyọ kan sí. Ọ̀yà ní ẹmu ló wà lójú Ẹfọ̀n. Wọ́n bú ara wọn díẹ̀, wọ́n da ọmọ ayò pa dà, wọ́n tún un ta. Ahá kan kò tíì gbẹ tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àfi bí Ìjàpá ṣe gun orí bẹ́ńṣì.

"Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ kú ìjókòó o," ló wí. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dùn mí dé egungun. Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ì bá ṣe ṣàn lónìí! Kí ló fà á? A ò ní ètò ni. Àwọn ará òdìkejì odò ní ẹgbẹ́, wọ́n ní àsíá, wọ́n ní òǹtẹ̀. Àwa ńkọ́? A kàn ń ta ayò ni!"

Wọ́n wo ara wọn. Lóòótọ́, wọ́n kàn ń ta ayò ni. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pọ́n Ayò sílẹ̀. Ìjàpá ní kí wọ́n dábàá orúkọ alága. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti dábàá Ìjàpá. Ó ní ta ló kín àbá náà lẹ́yìn? Ìgbín, tó ti ń tòògbé láti ọ̀sán, mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ti rí i," ni Ìjàpá wí, "àbá ti wọlé." Odídẹrẹ́ di akọ̀wé, torí ohunkóhun tí wọ́n bá sọ létí rẹ̀ ló máa ń tún sọ gẹ́lẹ́, ohun tí alága sì ń wá lára akọ̀wé nìyẹn. Wọn kò rí ẹni fi ṣe akápò. Ìjàpá ní òun á bá wọn di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀. Orin ló fi sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ẹ gbè é fún mi:

Lílé: Ẹ dìde, ẹ dìde, alága ń bọ̀ o,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ọ̀ta tó jókòó, kó dìde kí mi,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ọ̀pẹ tó dúró, kó wá sanwó àga,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ẹ ta á, ẹ má ta á, owó ẹgbẹ́ dà?
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!

Ekùrọ́ ni owó ìlú náà. Owó ìwọlé ló kọ́kọ́ dé, ekùrọ́ márùn-ún. Owó àga tẹ̀ lé e. Ẹni tó dúró náà san án, torí alága ní ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti jókòó. Wọ́n san owó ìtọ́jú ọmọ ayò, bí ẹni pé ara ọmọ ayò ò yá. Wọ́n san owó káàdì. Káàdì pupa ni ti ọ̀ta, funfun ni ti ọ̀pẹ, olómi góòlù ni ti alága. Ọ̀yà bi í pé kí ni káàdì olómi góòlù dúró fún. Ìjàpá ní ó dúró fún ọ̀ta tó ti kọjá títa.

Wọ́n ra aṣọ ẹgbẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún àwa Yorùbá pé nǹkan ò tíì di nǹkan àfi bí a bá ra aṣọ sí i, ṣùgbọ́n Ìjàpá ti bá onítọ̀hún pàdé. Àǹkárá ni aṣọ náà, Yánníbo ló ń tà á, iye tó bá sì pè é náà ni. Bí Bàbá Òòrẹ̀ ṣe gbé tirẹ̀ wọ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, aṣọ di asẹ́. Ìgbìmọ̀ ìbáwí bu owó ìtanràn lé e pé ó ba aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́. Ta ni ìgbìmọ̀ ìbáwí? Ìjàpá ni, ó yí fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Bàbá àgbà náà san án, kò fọhùn. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fọhùn.

Òfin tó wá ba ilé ẹmu jẹ́ gan-an ni èyí tó ní òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Alága ní ariwo kò yẹ ẹgbẹ́ tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n kan àkọlé mọ́ ara àràbà: Ẹ DÁKẸ́, AYÒ Ń LỌ LỌ́WỌ́. Àwọn tó ń ta á jókòó, àwọn tó ń wò wọ́n pa ẹnu mọ́. Ìró ọmọ ayò nìkan lèèyàn ń gbọ́, àti ti ọkọ̀ ojú irin tó bá ń kọjá lọ sí Ìbàdàn lókèèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti ọpọ́n rí mọ bí ìyẹn ṣe burú tó. Ẹni méjì ló ń fọwọ́ ta ayò, gbogbo àdúgbò ló ń fẹnu ta á. Bí a bá mú èébú kúrò nínú ayò, èwo ló kù níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí kí a máa ka ẹ̀wà?

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ìdákẹ́ mọ́ra títí ibà fi dá a gúnlẹ̀. Wọ́n rí i lóru tó ń bá kùkùté igi jà pé ayò tó ta kò dáa. Àgbọ̀nrín kò wá mọ́ rárá. Ó ní bí òun kò bá ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, òun kò mọ ìdí tí òun fi ń mu ẹmu. Akèrègbè tó ti máa ń gbẹ kí oòrùn tó wọ̀ wá ń sùn mọ́jú. Ìyá Òkété ń da ẹmu àkùsùn sí ìdí àràbà, igi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ń fọ ahá lówùúrọ̀, ó ń kọrin sínú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbè é lẹ́yìn ilé:

Lílé: Ẹmu mi ń kan, kò sẹ́ni mu ún,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín ti dákẹ́,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ẹni ò lè tayò ló ń dárí ọ̀ta,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ilà àwìn rẹ̀ ti yí àràbà ká o,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!

Ẹ má rò pé ó pẹ́ tí wọ́n fi ta ayò nínú ìdákẹ́ náà o. Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka ìwé ìpàdé tó kọjá, wọ́n á tún ìwé ìpàdé tó kọjá ṣe, wọ́n á jiyàn lórí àtúnṣe náà. Abẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn" ni wọ́n fi ayò títa sí, wọn kì í sì í dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n tún ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ọpọ́n tuntun. Ìkookò ni olùfilọ́lẹ̀ àgbà. Ó fi agbádá gbálẹ̀ dé, ó jókòó sórí àga gíga, ó ní òun fi ẹgbẹ̀rún ekùrọ́ ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pupa. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Ìkookò kò tíì mú ẹyọ kan wá. Ọpọ́n tuntun náà wá ń dán jù, wọ́n ní ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án, ó di ohun tí wọ́n gbé sí yàrá àlejò alága.

Odídẹrẹ́ ló rìnrìn àjò jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àgò ló ti rìn ín. Lọ́jọ́ kan, ó sọ nínú ìpàdé pé nígbà tí òun wà ní Amsterdam, ní ọdún 2002, òun gbọ́ pé àwọn onímọ̀ méjì ní Vrije Universiteit, John Romein àti Henri Bal, ti fi kọ̀ǹpútà yanjú ayò. Kì í ṣe ara àlọ́ nìyẹn o, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Irú ayò tí wọ́n ń pè ní awari ni: ojú 12, ọmọ 48, jíjẹ méjì àti mẹ́ta bíi tiwa. Wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè jókòó sójú ọpọ́n wò, ọ̀nà náà sì lé ní bílíọ̀nù 889. Ibi tí wọ́n já sí ni pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣi ọwọ́ rárá, kò sí ẹni tó máa pa ẹnìkejì. Ọ̀mì ni.

Ìjàpá fò sókè tó bí Ìjàpá ṣe lè fò. "Ẹ gbọ́ ná! Àwọn òyìnbó ti bá wa ta á tán! Èsì ti jáde, ọ̀mì ni! Kí la tún ń fi ara wa ṣe wàhálà fún?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó di òfin. Ẹni méjì á wá, wọ́n á jókòó ti ọpọ́n, wọ́n á kí ara wọn, wọn kò ní fọwọ́ kan ọmọ ayò. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀mì, ẹnì kọ̀ọ̀kan á san ekùrọ́ mẹ́ta fún owó ọ̀mì, ó yá, ẹni tó kàn. Alága kéde pé ayò kò tíì yára tó báyìí rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ìtẹ̀síwájú dé. Ẹlòmíràn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé òun ti ta ọ̀mì mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín.

Ìgbà tó kan Bàbá Òòrẹ̀ àti Ọ̀yà, Bàbá Òòrẹ̀ jókòó, kò mú ekùrọ́ jáde. Ó yíjú sí akọ̀wé.

"Odídẹrẹ́, tún un sọ fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Amsterdam."

"Bí ẹni méjì bá ta á láìṣi ọwọ́ rárá," ni Odídẹrẹ́ wí.

"Láìṣi ọwọ́. Hẹn. Ọ̀yà, láti ìgbà wo la ti jọ ń ta ayò?"

"Bàbá, láti ìgbà tí mo ti hu eyín ni."

"Ṣé ọjọ́ kan wà rí tí èmi tàbí ìwọ kò ṣi ọwọ́?"

Ọ̀yà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣi í. Èyí tí mo ṣi kẹ́yìn ṣì ń dùn mí."

"Èmi náà ń ṣi í," ni Bàbá Òòrẹ̀ wí. "Àṣìṣe yẹn gan-an la ń wá síbí wá ta. Bí kò bá sí i, ilé mi tutù, n ò ní wá."

Ẹnu yà wọ́n, torí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Bàbá Òòrẹ̀ rí. Orí ẹ̀ka ni ohùn kan ti já lulẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ó ti gbàgbé àkọlé, ó ti gbàgbé ibà: "Alága ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣi ọwọ́ ni? Ta ló rí i tó ta ayò rí?"

"Ta ló rí i?" ni Odídẹrẹ́ tún sọ.

"Alága kì í ta ayò," ni Ìjàpá dáhùn. "Alága ń darí ayò."

Ẹfọ̀n dìde. Bí Ẹfọ̀n bá dìde, ìjíròrò máa ń kúrú. Ìjàpá ní ó dáa, òun á ta á, ṣùgbọ́n ipò òun kò gba kí òun bá ọ̀ta jókòó, kí wọ́n má baà ní òun ń fi agbára ipò jẹ gàba. Ọ̀pẹ ni kí wọ́n mú wá, kí ó sì jẹ́ ọ̀pẹ tó kéré jù. Àbíkẹ́yìn Ìyá Òkété jáde láti ẹ̀yìn ìkòkò pẹ̀lú omi ìfọhá lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ ní káàdì funfun. Ó kúnlẹ̀ kí alága, ó jókòó.

Ìjàpá na ọwọ́, ojú ọpọ́n tó wà lọ́dọ̀ ọmọ ló ti lọ kó ọmọ ayò. Wọ́n ní tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ní òun mọ̀, òun ń dán wọn wò ni. Ó kó tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ta á nílé Ìkookò nìyẹn. Ẹ̀rín kọ́kọ́ dún lábẹ́ bẹ́ńṣì, níbi tí Ìgbín wà, lẹ́yìn náà ló ran gbogbo ilé ẹmu. Àkọlé ń wò wọ́n, wọn kò wò ó.

Nígbà tó yá, ó jọ pé ó ń mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ó jẹ ojú méjì, ọmọ mẹ́rin, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá. Ọmọ Òkété ti jẹ 16 ní tirẹ̀, kò wí nǹkan kan. Ojú kan tó wà ní ìparí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń tọ́jú. Gbogbo ohun tó bá bọ́ síbẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ti ibòmíràn ta. Àwọn àgbà ti rí i. Odù ló ń kọ́, ojú tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè yí ọpọ́n po. Ọ̀yà kan Bàbá Òòrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìjàpá nìkan ni kò rí i. "Ẹ wo ọmọ yìí," ló ń wí, "ó jókòó lé ọrọ̀, kò mọ̀ ọ́n ná!" Ọ̀dọ̀ Ìjàpá fúnra rẹ̀ ti gbẹ: níbi ojú mẹ́rin àkọ́kọ́, ọ̀kan, òfo, ọ̀kan, òfo. Ni ọmọ náà bá kó odù nílẹ̀, ọmọ ayò 15 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é dáadáa:

Lílé: Alága, alága, ojú ọpọ́n ń wò ọ́,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ, mo gba ọ̀dọ̀ mi,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Mo fo ilé odù, mo tún padà dé,
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!
Lílé: Ọ̀mì tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yín dà?
Ègbè: Wóró-wóró, ọmọ ayò!

Odù náà yí ọpọ́n po, ó fo ojú tó ti gbéra, ó tún wọ ọ̀dọ̀ Ìjàpá lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan di mẹ́ta, òfo di méjì, ọ̀kan di mẹ́ta, òfo di méjì. Ojú mẹ́rin ló jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ 10. Mẹ́wàá lé mẹ́rìndínlógún, 26. Ó ti kọjá ìdajì.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀mì," ni Ìjàpá wí fún akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ẹmu ti figbe ta: "Ọmọ ìfọhá pa alága láyò!" Ohun tí Odídẹrẹ́ gbọ́ jù náà ló tún sọ, ohun tó sì sọ náà ló kọ: ọmọ ìfọhá pa alága láyò. Ó wà nínú ìwé ìpàdé títí dòní, wọn kò tún un ṣe.

Wọ́n ní ó dáa, kí akápò gbé àpótí wá kí wọ́n fi ra ẹmu fún ọmọ. Wọ́n ṣí àpótí. Òǹtẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ìwé tí Ìkookò fi ṣèlérí. Ó wá yé wọn ìdí tí Yánníbo fi ń ta àdín lọ́jà láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tí kò ní ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Wọ́n yíjú sí Ìjàpá. Ìjàpá ti fa orí wọlé. Wọ́n kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó-kó-kó. Ohùn kan dáhùn láti inú pé kí wọ́n ní sùúrù, ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé lọ́wọ́.

Inú ìpàdé yẹn ló ti fẹsẹ̀ fẹ lóru. Wọ́n yọ àkọlé, wọ́n fi dáná ọbẹ̀. Àgbọ̀nrín ti padà, ó ti ń júwe fún ọmọ Òkété bó ṣe yẹ kó ta á. Bí àlọ́ yìí bá jẹ́ àlọ́ àtijọ́, ǹ bá sọ fún yín pé ojú ti Ìjàpá títí tó fi di ẹ̀yìn tó ń gbé kiri. Ojú kò tì í. Òdìkejì odò Ògùn ló wà báyìí, ní bíà pálọ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ta dráàfù. Kò mọ dráàfù ta. Òun ni Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ti ń ran aṣọ.

Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ bá Ìyá Òkété bi í léèrè: ahá ẹmu 43 tó mu láwìn, ìgbà wo ló máa wá san án?